Ata Tó Wà Nínú Ọtí Tata Bákẹ́

Nígbà tí àwọn ará ilé bá gbọ́ pé mo wà ní ìdálẹ̀, wọ́n máa ń bi mí bóyá òtútù ń mú mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé oòrùn tó ń pa wọ́n ní Ṣakí náà ló ń pa èmi ní àgbègbè Bétérou, ní òdìkejì ààlà, pé iṣu là ń gún, àgbàdo là ń gbìn, igi kaṣú ló sì pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Wọ́n á ní, “Ìyẹn kì í ṣe ìdálẹ̀.” Èmi kì í bá wọn jiyàn. Ẹni tí kò tíì sọ èdè abínibí rẹ̀ rí kí àwọn tó ń gbọ́ ọ máa wo ara wọn lójú, kò lè mọ̀ pé ìdálẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ẹ̀rọ tí mo wá jókòó tì. Ó ti ń bá àwọn ará abúlé yìí lọ ọkà fún ọdún pípẹ́, ilé wá ń wù ú, ó ní kí n wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nígbà náà, mi ò lọ́kọ, mi ò sì bímọ. Mo mọ ẹ̀rọ dáadáa, nítorí ìdí ẹ̀rọ bàbá wa ni mo dàgbà sí. Ẹ̀gbọ́n mi fi bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ náà hàn mí, ó fi yàrá tí mo máa gbé hàn mí, ó sì lọ. Kò fi nǹkan kan hàn mí nípa àwọn ènìyàn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin kan gbé àgbàdo wá, ó bi mí bóyá mulẹ̀n ti jí. Mo ní mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwa ń pè ní ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n ń pè ní mulẹ̀n. Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Yorùbá tiwọn, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní Nàgó, dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ orin ìjọ tirẹ̀ nínú ìjọ ẹlòmíràn: mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e gbà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan ní Nàgó, wọ́n á gba inú Faransé kọjá, wọ́n á sì fi Baatonum, èdè àwọn aládùúgbò wọn, parí rẹ̀. Bí mo bá sọ tèmi tán, wọ́n á ní, “Dákọ́ọ̀,” ìyẹn ni pé ó dára, ṣùgbọ́n ojú wọn máa ń sọ pé àwọn ò gbọ́ ju ìdajì lọ. Gbogbo obìnrin tó ti tó ìyá ẹni ni tata, ọkùnrin sì ni tonton. Kí oṣù kan tó pé, èmi náà ti di Tata Mulẹ̀n. Kò sẹ́ni tó béèrè orúkọ mi.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tó ń lọ ọkà kì í bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ. Bí ẹ̀rọ bá ti ń dún, ìṣe ọwọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀: da sí i, gbé kúrò, ó tó. Bí mo bá pa á, oníbàárà á ti gbé igbá rẹ̀ rù. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò ní ju ogún lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sọ̀rọ̀ láìmọ̀, àní nínú yàrá mi níbi tí kò ti sí ariwo kankan.

Ìyá mi máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

“Ṣé o ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀?”

“Mo ti rí, màmá.”

“Ta ni?”

Ibẹ̀ ni mo máa ń yà kúrò lójú ọ̀nà, màá ní kí ó bá mi kí bàbá.

Láàárín àwọn oníbàárà mi, àwọn kan wà tí ọkà bàbà tiwọn ní òórùn ọ̀tọ̀. Ó máa ń rùn díẹ̀ bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, díẹ̀ bí àkàrà tó fẹ́ jóná. Mo máa ń fi ìka tọ́ ìyẹ̀fun náà lá, ó sì máa ń dùn bí ìgbà tí wọ́n fi ṣúgà sí i. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé apọntí ni wọ́n. Wọ́n ti rẹ ọkà náà sómi, wọ́n ti jẹ́ kó hù, wọ́n ti sá a gbẹ, kí wọ́n tó gbé e wá fún mi láti lọ̀. Ọtí tí wọ́n ń fi ṣe ni ṣukutu. Ilé tí wọn kì í ti í fi ọtí kan ẹnu ni mo ti wá. Alàgbà ìjọ ni bàbá mi. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun yẹn máa ń mú kí n fẹ́ mọ ibi tó ń lọ lẹ́yìn tó bá kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó máa ń wò mí jù nínú wọn ni Tata Bákẹ́. Obìnrin tó ga, tó gbẹ, tó máa ń dúró ti ọkà rẹ̀ títí a ó fi lọ̀ ọ́ tán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, inú mi dùn, mo ní ọmọ ilé rèé. Mo bi í bóyá Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n gé kúrú. Ó ní rárá, Baatonu ni òun. Ipò tí a bí ọmọbìnrin sí lẹ́yìn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni orúkọ náà ń sọ, kò kan ìkẹ́ kankan. Ó wá rẹ́rìn-ín sí ojú mi tó rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, “Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kẹ́ mi, mi ò kọ̀.”

Òun ló sọ fún mi nípa ìpàdé náà. Lẹ́yìn ìkórè ọkà bàbà, àwọn apọntí láti abúlé tó yí Bétérou ká, títí dé Sanson àti Kika, máa ń kó ìkòkò wọn jọ sábẹ́ igi máńgòrò mẹ́ta tó wà lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ náà ni apọntí máa ń tọ́ ọtí apọntí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò, tí ẹni tó bá sì wù á lè wá tọ́ ti gbogbo wọn wò. Tata Bákẹ́ ní, “Ìwọ lo lọ ọkà wa. Wá mọ ohun tó dà.”

Onílé mi, Tata Odile, opó Nàgó kan tí kì í pa ìsìn Kátólíìkì jẹ, ló yẹ kó mú mi lọ. Ṣùgbọ́n òkú ṣẹ̀ ní ẹbí rẹ̀ ní Savè, ó sì ní láti wọ mọ́tò lọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún mi ni pé kí n jẹun kí n tó jáde. Mo rò pé gbogbo ohun tó wà láti mọ̀ nìyẹn.

Mo dé ibẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Aṣọ ìsìn ni mo wọ̀, mo sì mú ife dígí kan dání, nítorí mo rò pé ìmọ́tótó ni. Ìkòkò tó wà níbẹ̀ ju ogún lọ. Wọ́n tò wọ́n sábẹ́ ìbòji, apọntí kọ̀ọ̀kan sì jókòó lórí àpótí lẹ́yìn tirẹ̀. Àwọn kan ṣì ń hó, ìfófó funfun ń yọ lẹ́nu wọn. Gbogbo ènìyàn ló mú igbá tirẹ̀ wá. Àwọn tí kò pọn ọtí gbé ẹ̀pà yíyan wá, tàbí iṣu díndín, tàbí wàgáṣì, wàrà líle tí àwọn obìnrin Fúlàní máa ń ṣe. Àní àwọn bàbá Mùsùlùmí méjì tí kì í mu ọtí wà níbẹ̀. Apọntí kọ̀ọ̀kan ti bu omi ọkà dídùn tí kò tíì kan sọ́tọ̀ fún wọn, wọ́n sì gbé kókò wá láti inú oko wọn. Èmi nìkan ló wá lọ́wọ́ òfo bí ẹni tó wá wòran.

Obìnrin kan láti Kika ló ni ìkòkò tí mo kọ́kọ́ dúró tì. Mo na ife mi sí i, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, tata. Eélòó ni?”

Ó wò mí, ó wo ife náà, ó wá wo ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó ń wá ògbufọ̀.

Ọkùnrin náà ní, “A kì í rà lónìí, Tata Mulẹ̀n. Dúró kó kọ́kọ́ mu tirẹ̀.”

Obìnrin náà bu díẹ̀ sínú igbá, ó ta ẹ̀kán kan sílẹ̀, ó mu, ó nu ẹnu, lẹ́yìn náà ló tó bu fún ẹlòmíràn. Ìyẹn yé mi láìbéèrè: ẹni tó pọn ọtí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀fun tirẹ̀ jẹ́rìí sí i. Nígbà tó kàn mí, ó ń bu ún, ó ń wojú mi kí n sọ pé ó tó. Mi ò sọ nǹkan kan. Ní ilé wa, ẹni tí wọ́n ń bu nǹkan fún kì í ní ó tó. Ife mi kún dé etí. Ìkòkò náà kéré, ó ti ọ̀nà jíjìn wá, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì, tí kálukú wọn kò ní gbà ju ẹnu kan lọ. Mo ń gbé ife kíkún kiri láàárín wọn. Mi ò lè mu ún tán, mi ò sì mọ ibi tí mo lè dà á sí. Nínú dígí náà, gbogbo ènìyàn ń rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò.

Tata Bákẹ́ ló gbà mí. Ó gba ife náà lọ́wọ́ mi, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ìdí igi láìwo ẹnikẹ́ni, ó fi omi ṣàn án, ó tọ́ ọtí tirẹ̀ wò, ó sì bu ẹnu kan fún mi.

Ó kọ́kọ́ dùn. Ó wá kan díẹ̀. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ta mí lọ́fun, ó sì gbóná títí dé imú mi. Mo húkọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ́, tọkàntọkàn ni mo sì fi béèrè, ṣùgbọ́n ohùn tí mo fi ń bá ẹ̀rọ jà ni mo fi sọ ọ́:

“Tata Bákẹ́, ṣé ata lẹ fi sí tiyín ni? Ó ń ta.”

Àwọn tó wà nítòsí wo inú igbá wọn. Ọkùnrin kan tó ti na igbá síwájú rọra fà á padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa kaṣú. Tata Bákẹ́ kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Bọ̀n,” ìyẹn ni pé ó dáa lédè Faransé. “Bó ṣe wá lónìí nìyẹn.” Ó sì mú ewé, ó fi bo ẹnu ìkòkò náà.

Kí n tó kúrò níbẹ̀ ní ọ̀sán, àwọn ìkòkò yòókù ti ń gbẹ. Tirẹ̀ ṣì kún.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, apọntí kankan kò wá. Mo rò pé wọ́n ń sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí méjì nínú wọn lórí ọ̀kadà, àpò ọkà wà láàárín àwọn àti ẹni tó ń gùn ún, wọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá lọ sí ọ̀nà Tchaourou, níbi tí ẹ̀rọ mìíràn wà. Wọ́n juwọ́ sí mi. Ìjuwọ́ náà dùn mí ju èébú lọ. Gbágùúdá gbígbẹ àti ata àwọn oníṣòwò ló kù tí mò ń lọ̀.

Nígbà tí Tata Odile dé láti Savè, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

“Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀ lórí ìkòkò?”

“Mo béèrè ni, tata.”

“Ìbéèrè náà, ọ̀rọ̀ ni. Bí ọtí ẹnìkan kò bá wù ọ́, mu ẹnu kan, kí o ní o ti tọ́ ọ wò. Ìyókù, dà á sí ìdí igi nígbà tí olọ́tí kò bá wò ọ́. Igi wà fún ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé àléébù kan wà tó yẹ kó mọ̀, lọ bá a nílé, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó.”

“Bó bá wá dùn ńkọ́?”

“Má yìn ín jù náà. Apọntí tó jókòó tì í náà ní etí.”

Ó wá bi mí ohun tí mo gbé lọ. Nígbà tí mo ní ife dígí ni, ó fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

Mo ronú púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí òfin kan nínú àwọn tó kà sílẹ̀ tí mi ò mọ̀ láti ilé. Ní Ṣakí, mi ò lè jókòó nídìí ọbẹ̀ ìyàwó ẹlòmíràn kí n ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Mi ò lè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́ òfo. Ta ni mo wá rò pé mo jẹ́ níbí? Mo rò pé ìdálẹ̀ ló ń ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀: torí pé kò rí òfin ilé rẹ̀ níbi tó dé, á máa rìn bí ẹni pé ibẹ̀ kò lófin. Gbogbo bí mo ṣe ń kùn pé wọn kò béèrè orúkọ mi, èmi náà kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, àfi ìgbà tí kò yẹ.

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìyá mi pè, mi ò yà kúrò lójú ọ̀nà mọ́. Mo sọ fún un pé mo lọ sí ibi ọtí, pé mo mu díẹ̀, pé mo sì ti fi ẹnu mi ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Bàbá rẹ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ó tó fẹ́ mi, èmi ni mò ń gbé ìkòkò ọtí lẹ́yìn ìyá mi. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń pọn, ọtí àgbàdo. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ ò béèrè. Gbọ́, lọ bá obìnrin náà. Má ránṣẹ́, má pè é lórí fóònù. Ẹsẹ̀ ni kí o fi lọ.”

Mo lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbé wàgáṣì méjì lọ́wọ́. Tata Bákẹ́ ń sá ọkà sórí ẹní lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń fi ìka yà á kó má baà ṣùpọ̀. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní náà, mo ní mo wá tọrọ àforíjì.

Ó ní, “Fún kí ni?”

“Fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ lábẹ́ igi.”

“Òótọ́ lo sọ. Ata wà níbẹ̀.”

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé abọ́ kékeré kan jáde. Ìyẹ̀fun ọkà ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù lára ohun tí mo lọ̀ fún un ṣáájú ìpàdé. Ó ní kí n tọ́ ọ lá. Mo fi ìka tọ́ ọ. Adùn ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni ata.

Mo wá rántí pé lọ́jọ́ tó ṣáájú èyí tí ó gbé ọkà rẹ̀ wá, mo ti lọ odidi àpò ata gbígbẹ mẹ́rin fún oníṣòwò kan láti Tchaourou, ìgbálẹ̀ lásán ni mo sì fi gbá inú ẹ̀rọ náà. Ní ilé wa, kò sẹ́ni tó máa bínú sí ìyẹn. Ẹ̀rọ ìlọta ni à ń pè é. Ata wà nínú orúkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, mulẹ̀n ni, oúnjẹ ọkà ló wà fún. Ọ̀rọ̀ méjì fún irin kan náà, mi ò sì tíì ronú rẹ̀ rí pé ó lè yàtọ̀.

Mo ní, “Ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀?”

“Mo mọ̀ nígbà tí mo tọ́ ọ wò lórí iná. Ìpàdé ti di ọ̀tunla, mi ò ní ọkà mìíràn tó ti hù.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà tí mo béèrè? Ẹ̀ bá sọ pé èmi ni.”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀nà odò. “Lábẹ́ igi? Lójú gbogbo wọn? Àjèjì ni ẹ́. Bí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, láti Sanson títí dé Kika, ẹnikẹ́ni kò ní gbé ọkà wá fún ẹ mọ́, wọ́n á sì máa sọ ọ́ fún ọmọ wọn. Ìkòkò kan tó padà sílé ní kíkún kò pa mí.”

“Ṣùgbọ́n wọn ò wá mọ́, tata.”

“Èmi ni mi ò wá. Àwọn yòókù ń wo ibi tí ẹsẹ̀ mi ń lọ. Mò ń retí kí o wá bá mi.” Ó padà sídìí ọkà rẹ̀. “O pẹ́ o.”

Mo sunkún lójú ọ̀nà nígbà tí mò ń padà. Kì í ṣe ìtìjú nìkan. Láti ìgbà tí mo ti dé, mo ti ń rò pé kò sẹ́ni tó ń wò mí níbẹ̀, àṣé ẹnìkan ti gbé ẹrù mi rù, ó sì ń bá a rìn láìsọ.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọjọ́ méjì. Mo tú ẹ̀rọ náà, mo yọ àwọn irin tó ń lọ nǹkan, mo fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn. Mo rí ata ní àwọn kọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ pé ó wà. Nígbà tí mo tò ó padà, mo lọ èèrí àgbàdo nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń tọ́ ọ lá lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ ni mo ń gba ata, ọjọ́ kejì rẹ̀ sì ni ọjọ́ fífọ ẹ̀rọ. Oníṣòwò ará Tchaourou náà bínú, ó gbé ata rẹ̀ lọ síbòmíràn. Tata Bákẹ́ wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjì tó juwọ́ sí mi náà wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. Ní ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, Tata Bákẹ́ ṣì ni apọntí tí ọtí rẹ̀ ń ta. Àwọn ará Kika àti Sanson kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Wọ́n máa ń tún ìpàdé náà ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́. Mo bi Tata Odile bóyá ìyẹn kò lòdì sí òfin, nítorí pé a kì í sọ̀rọ̀ àléébù lórí ìkòkò.

Ó ní, “Àléébù ẹlòmíràn ni a kì í sọ. Tìẹ, wàá lè sọ ọ́. N kò rí ẹni tó ṣe é rí ni.”

Mi ò fẹ́ tún lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ní kí ìyá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ìgbà tí bàbá bá lọ sí ìpàdé àwọn alàgbà ló máa ń pè mí, ó máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tó ń jí nǹkan kó: iye ọjọ́ tí àgbàdo máa fi wà nínú omi, bí ewé tí wọ́n fi bò ó ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, ìgbà tí a ó fi iná sílẹ̀. Bí mo bá béèrè ohun kan tí kò rántí, á ní, “Fi ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n.” A kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo wà nílé pàápàá.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo mú igbá mi dání, mo sì gbé ìkòkò kékeré kan. Tata Odile bá mi gbé e. Tonton Bio, àgbàlagbà tó máa ń kọ́kọ́ ta ọtí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mu, ni mo lọ bá. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ó mi orí sí mi pé kí n máa sọ ọ́.

Mo dìde. Mo ní, “Lẹ́yìn ìkórè, mo sọ̀rọ̀ kan nípa ọtí Tata Bákẹ́ lójú gbogbo yín. Ata tó wà nínú rẹ̀, inú ẹ̀rọ mi ló ti wá. Èmi ni mi ò fọ̀ ọ́. Ọwọ́ tirẹ̀ mọ́.”

Mo rí i lójú wọn pé Yorùbá Ṣakí ti tún gba orí wọn kọjá. Obìnrin kan dìde, ó tú u sí Baatonum. Ìtumọ̀ náà gùn ju ọ̀rọ̀ mi lọ dáadáa, ó sì fi ọwọ́ ṣe bí ẹ̀rọ ṣe ń yí. Nígbà tó parí, gbogbo wọn yíjú sí Tonton Bio.

Ó ní, “A ti gbọ́. Ṣé a lè mu nǹkan báyìí?”

Ìdí ìkòkò Tata Bákẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ lọ. Wọ́n to ìlà. Ẹnikẹ́ni kò yin ọtí náà, ẹnikẹ́ni kò sì mẹ́nu kan ata. Wọ́n ń mu ún, wọ́n sì ń na igbá padà. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ó ti da ìkòkò rẹ̀ dojú bolẹ̀ láti gbẹ.

Wọ́n wá sí ọ̀dọ̀ tèmi náà. Mo tọ́ ọ wò lójú wọn, mo bu ẹnu kọ̀ọ̀kan fún wọn, mo ń wojú wọn títí wọ́n á fi ní ó tó. Wọ́n mu ún pẹ̀lú sùúrù. “Mo ti tọ́ ọ wò, Tata Mulẹ̀n,” ni wọ́n ń sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ìdí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn mi tutù bí ibi tí òjò ti rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló padà bọ̀ sípò. Obìnrin kan láti Sanson tó máa ń gbé ọkà wá fún mi kò tún wá mọ́ láti ọjọ́ náà. Mi ò dá a lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń ronú bóyá ata ẹ̀rọ mi ti wọ àwọn ọtí tirẹ̀ àtẹ̀yìnwá.

Ní ọjọ́ kẹta, Tata Bákẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní àárọ̀ kùtù, kí n tó tan ẹ̀rọ. Kò gbé ọkà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé àwa méjì péré ló wà níbẹ̀, ó wá jókòó lórí àpótí.

“Ọtí rẹ dùn jù. O kò jẹ́ kó kan. Bí ẹni ń mu oyin ló rí. Èmi náà da tèmi sí ìdí igi.”

Mi ò mọ̀gbà tí mo bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé.

Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ kèrègbè kékeré kan tí wọ́n fi ewé dí lẹ́nu. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tirẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń dà sínú ọtí tuntun kó lè hó. Ó ní ọwọ́ ìyá òun ni òun ti gbà á, ìyá òun sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

“Kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí o tó tún pọn òmíràn, kí o sì mú díẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀. Bí o bá gbàgbé rẹ̀, á kú.” Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. “Kí ni orúkọ rẹ gan-an?”

Mo sọ ọ́ fún un. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò bọ́ sí i lẹ́nu dáadáa, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá mi pè. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè bóyá mo fẹ́ wá lo oṣù kan nílé kí òjò tó wọlé tán, pé òun lè bá mi wá ẹni tó máa jókòó ti ẹ̀rọ. Mo wo kèrègbè náà níbi tí mo gbé e kọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ooru iná ti ń dé. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló lè dúró.

Mo ní, “Ẹ̀rọ kọ́ ni ìṣòro, màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi Tata Bákẹ́ bóyá ó lè bá mi pọn ọtí fún oṣù kan.”